Bí A Ṣe Lè Sọ Tọ́ọ̀ṣì Onírin Àtijọ́ Di Tọ́ọ̀ṣì LED

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe ní agbègbè Àbújá, àti títí dé Kàdúná àti Kánò, tọ́ọ̀ṣì onírin kan ṣì wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, irú èyí tí ó ń gba bátìrì ńlá méjì, tí àwọn ọlọ́dẹ máa ń gbé kiri lóru nígbà kan. Ara rẹ̀ kò bàjẹ́. Ohun tí ó mú kí wọ́n pa á tì ni pé ìmọ́lẹ̀ gílóòbù rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì ń jẹ bátìrì púpọ̀. Tọ́ọ̀ṣì oníke tí a fi rọ́pò rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ a máa kán, swíìṣì rẹ̀ a sì máa kú láìpẹ́. Ní tèmi, ó sàn kí a fi iná tuntun LED, ìyẹn iná kékeré tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀, sínú irin àtijọ́ náà, nítorí pé ara tọ́ọ̀ṣì tí ó le bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro láti rí rà lónìí, kì í ṣe iná inú rẹ̀.

Èrè iṣẹ́ yìí kò kéré. Gílóòbù PR2, tí ó wọ́pọ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì méjì, ń gba nǹkan bíi fóòtì 2.4 (agbára tí ń ti iná) àti ìdajì áńpíà (iye iná tí ń ṣàn), èyí tí ó jẹ́ wáàtì 1.2, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 10 sí 15 lọ, nítorí pé ooru ni ó ń sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná náà dà. LED funfun oníwáàtì kan, tí ẹ bá fún un ní 350 mA (áńpíà 0.35), lè tan lumen 80 sí 110. Iná aláwọ̀ búlúù ni ó ń tàn nínú LED funfun yìí, irú LED búlúù tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura tìtorí rẹ̀ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 2014. Ohun aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n dà bò ó ni ó sọ ìmọ́lẹ̀ náà di funfun. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi èékánná ha ojú ìyeyè yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó wáyà kàn án, torí pé bí ó bá ti bó, LED náà kò ní í tan funfun mọ́.

Ohun tí LED ń fẹ́

Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n ń ṣe LED bí wọ́n ṣe ń ṣe gílóòbù. Wáyà tínínrín tí ó ń gbóná ni gílóòbù. Bí ó ti ń gbóná sí i ni òun fúnra rẹ̀ ń dènà iná tí ń wọlé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè jó bí bátìrì bá lágbára jù díẹ̀. LED kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fóòtì kò bá tíì tó nǹkan bíi 2.6, kò ní í tàn dáadáa, láàárín 3.0 sí 3.4 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Bí ẹ bá sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un lókè ibẹ̀, iná tí ó ń gbà yóò ròkè lójijì, yóò gbóná, yóò sì jó. Iye áńpíà tí ń ṣàn gba inú LED kọjá ni kí a máa ṣàkóso, rẹ̀sísítọ̀, ohun kékeré tí ń dènà iná tí ń ṣàn, sì ni ohun tí ó rọrùn jù tí a lè fi ṣàkóso rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ èyí tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bátìrì. Bátìrì ńlá méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn jẹ́ fóòtì 3 nígbà tí wọ́n ṣì tuntun, wọ́n sì ń lọ sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti tan tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá so LED funfun mọ́ wọn tààrà, yóò tàn dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò máa ṣe bàìbàì nígbà tí agbára púpọ̀ ṣì wà nínú bátìrì. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà, iye bátìrì tí tọ́ọ̀ṣì yín ń gbà sì ni yóò sọ èyí tí ẹ ó tọ̀. Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ ra gílóòbù LED tí wọ́n ti ṣe tán, tí ìdí rẹ̀ bá ihò gílóòbù yín mu, yálà onígbátí bíi ti PR2 tàbí èyí tí a ń yí wọlé bíi síkírúù. Ẹ ka fóòtì tí wọ́n kọ sí i lára, kí ó sì bá iye bátìrì yín mu. Bí ó bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ wò ó bóyá ẹ kọjú orí bátìrì sí ẹ̀yìn, torí pé gílóòbù àtijọ́ kò bìkítà nípa ibi tí orí bátìrì kọjú sí, ṣùgbọ́n LED bìkítà. Ọ̀nà kejì wà fún tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì mẹ́ta, tí ó jẹ́ fóòtì 4.5: ẹ lè to LED kéékèèké onímílímítà 5 mẹ́fà sínú rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní rẹ̀sísítọ̀ óòmù (òṣùwọ̀n ìdènà iná) 68 tirẹ̀, èyí tí yóò fún un ní nǹkan bíi 20 mA. Ẹ má ṣe so gbogbo wọn mọ́ rẹ̀sísítọ̀ kan ṣoṣo, nítorí pé wọn kì í pín iná dọ́gba. Èyí tí ó bá gba jù ni yóò kọ́kọ́ kú. Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù, òun ni ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí sì dá lé: kí a fi bátìrì lithium kan, tí ó ṣeé ṣájì, rọ́pò bátìrì ńlá méjì náà, kí a sì fi LED oníwáàtì kan sí orí.

Àwọn ohun tí ẹ ó wá

Bátìrì lithium tí wọ́n ń pè ní 18650 ni ẹ nílò. Orúkọ náà ti sọ ìwọ̀n rẹ̀, mílímítà 18 ní ìbú àti mílímítà 65 ní gígùn. Ẹ ra LED funfun oníwáàtì kan tí wọ́n ti jó mọ́ pẹpẹ alumíníọ̀mù rẹ̀ tí ó rí bí ìràwọ̀, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20, pẹ̀lú lẹ́ǹsì oníke tí ó bá a mu. Ẹ tún nílò bọ́ọ̀dù ṣájà TP4056 kan, rẹ̀sísítọ̀ óòmù 3.3 oníwáàtì kan, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ pupa àti dúdú, páìpù PVC tí ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 32, agolo mílíìkì òfìfo kan, síkírúù idẹ kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀, áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi so wáyà pọ̀), àti mítà tí a fi ń yẹ iná wò. Ní Àbújá, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Banex ní Wuse 2 ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè. Ní Kánò, ẹ lọ sí ọjà fóònù ní Farm Centre.

Ẹ fara balẹ̀ yan bọ́ọ̀dù náà. Èyí tí ó ní ojú ìjólẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, tí wọ́n kọ IN (ibi tí iná ṣájà ń gbà wọlé), B (ti bátìrì) àti OUT (ibi tí iná ń gbà jáde) sí, ní ohun tí ń dáàbò bo bátìrì lọ́wọ́ àṣejù. Èyí tí ó ní mẹ́rin péré kò ní in, ẹ má sì ṣe rà á. Ní ti bátìrì, tí ẹ bá fẹ́ lo èyí tí wọ́n yọ láti inú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti gbó, ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó sanwó. Èyí tí ó ti lọ sí ìsàlẹ̀ fóòtì 2.5, tàbí tí ìwé ara rẹ̀ ti ya, tàbí tí ó ti dípẹtà ní orí, kò yẹ ní rírà bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Kí ẹ sì rí i pé ewé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí àti ìdí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé ewé yẹn ni ẹ ó jó wáyà mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ara bátìrì lithium tààrà.

Yíyẹ tọ́ọ̀ṣì wò àti fífọ̀ rẹ̀

Ẹ ṣí ìdí tọ́ọ̀ṣì náà, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ lójú ọ̀sán. Bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ ti lè sun omi síbẹ̀, bí ẹ bá sì jó iṣẹ́ tuntun mọ́ orí ìdọ̀tí yẹn, kò ní í pẹ́ tí yóò fi daṣẹ́ sílẹ̀. Bátìrì onísíǹkì lásán, tí ó pọ̀ jù lọ ní ọjà wa, ń sun omi tí ó ní àsíìdì nínú; ẹ po káún díẹ̀ mọ́ omi, ẹ fi àkísà tí ẹ rẹ sínú rẹ̀ nù ún, àsíìdì náà yóò sì kú. Bí ó bá jẹ́ bátìrì alkaline ni ó sun, tí ẹ rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò, nítorí pé káún kò lè ran irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi díẹ̀ ṣàn án, kí ẹ sì sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ní àsìkò ọyẹ́, kò ní í pẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún eruku, torí pé eruku ọyẹ́ a máa wọ ibi tí ẹ kò lérò.

Ẹ wá tọ ipasẹ̀ iná náà. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì onírin, orí bátìrì iwájú ni ó ń kan àárín ìdí gílóòbù. Ìdí bátìrì ẹ̀yìn ń kan sípíríńgì, iná gba ara sípíríńgì bọ́ sí ara tọ́ọ̀ṣì, ó gba swíìṣì kọjá, ó sì dé etí gílóòbù. Ẹ fi sáńpépà tí kò le jù ha gbogbo ibi tí irin ti ń kan irin ní ojú ọ̀nà yìí títí yóò fi dán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ mítà kan sí sípíríńgì, èkejì sí ibi tí etí gílóòbù ń jókòó sí, kí ẹ sì tan swíìṣì. Òǹkà tí ẹ ó rí kò yẹ kí ó ju ìdajì óòmù lọ. Ẹ má fojú kéré èyí: rẹ̀sísítọ̀ tí a fẹ́ lò kò ju óòmù 3.3 lọ, nítorí náà bí ìdọ̀tí ojú swíìṣì bá ní óòmù 2 tirẹ̀, yóò gba ohun tí ó pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yín.

Kíkọ́ ilé bátìrì

A fẹ́ ṣe ohun kan tí yóò wọ inú tọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí bátìrì ńlá méjì ti ń wọ̀ ọ́, tí a ó lè fà yọ láti ṣájì, kí a má baà dá ihò kankan sí ara tọ́ọ̀ṣì náà. Bátìrì ńlá kan gùn tó nǹkan bíi mílímítà 61, méjì sì jẹ́ nǹkan bíi 123. Ẹ wọn ti yín, kí ẹ sì gé páìpù PVC náà sí nǹkan bíi mílímítà 118, kí orí síkírúù àti páànù tí a ó fi dé e lè dí ìyókù. Ẹ tì í sínú tọ́ọ̀ṣì wò. Bí ó bá ń mì, ẹ wé ìwé tàbí téèpù yí i ká. Bí kò bá wọlé, ẹ fi sáńpépà ha ìta rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ páìpù náà, ní ibi tí ẹnu ṣájà yóò wà, ẹ gé fèrèsé kékeré kan tí orí wáyà ṣájà lè gbà wọlé.

Láti ara agolo mílíìkì, ẹ gé páànù roboto méjì tí ó tó ẹnu páìpù náà, kí ẹ sì ha ọ̀dà ara wọn kúrò. Páànù agolo dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí nítorí pé lẹ́ẹ̀dì máa ń tètè mú un. Ẹ lu ihò sí àárín ọ̀kan, ẹ fi síkírúù idẹ gba ibẹ̀, kí orí rẹ̀ wà níta, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì dè é nínú. Èyí ni yóò di orí, tí yóò máa kan ìdí gílóòbù. Èkejì ni ìdí, tí sípíríńgì yóò máa tì.

Gbogbo wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ jó mọ́ bọ́ọ̀dù kí ẹ tó mú bátìrì wá sí tòsí. Ẹ jó wáyà pupa mọ́ OUT+, kí òpin rẹ̀ lọ sí páànù oní-síkírúù. Ẹ jó dúdú mọ́ OUT−, kí ó lọ sí páànù ìdí. Ẹ sì jó pupa àti dúdú mìíràn mọ́ B+ àti B−. Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ẹ wá jó wáyà B− mọ́ ewé irin tí ó wà ní ìdí bátìrì, kí ẹ fi téèpù bò ó, kí ẹ tó ṣe ti orí. Ẹ ṣe é kánkán, ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Tí orí àti ìdí bátìrì yìí bá kan ara wọn láìsí bọ́ọ̀dù láàárín wọn, wáyà yóò pọ́n, bátìrì sì lè gbiná, nítorí náà ẹ má ṣe jó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì ṣe fi òrùka tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ onírin ṣiṣẹ́ yìí.

Ẹ fi mítà wo OUT. Bí ó bá fi òdo hàn nígbà tí bátìrì ní agbára, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́; irú bọ́ọ̀dù yìí sábà máa ń sùn títí ẹ ó fi so ó mọ́ ṣájà fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́. Tí ó bá ti jí, ẹ wé bátìrì sínú fóòmù pẹlẹbẹ, ẹ tì í sínú páìpù, ẹ to bọ́ọ̀dù sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnu ṣájà kọjú sí fèrèsé, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù tí ó le lẹ páànù méjèèjì mọ́ ẹnu páìpù.

Iṣẹ́ orí tọ́ọ̀ṣì

Ẹ wá gílóòbù tí ó ti kú, ẹ wé e sínú àkísà tí ó nípọn, kí ẹ fi ẹ̀mú fọ́ gíláàsì rẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́ ohun tí ó kù nínú ìdí rẹ̀ jáde títí yóò fi ṣófo. Ìdí òfìfo yìí ni a ó máa lò, torí pé òun ni ó bá ihò tọ́ọ̀ṣì mu. Ẹ jó ẹsẹ̀ kan rẹ̀sísítọ̀ mọ́ àárín rẹ̀ láti inú, kí ẹ sì jó wáyà dúdú mọ́ etí rẹ̀. Ẹ fi ike wáyà wọ ẹsẹ̀ rẹ̀sísítọ̀ náà kí ó má baà kan etí.

Ìdí tí mo fi yan óòmù 3.3 nìyí: bátìrì lithium tí ó kún jẹ́ fóòtì 4.2, LED yóò gba nǹkan bíi 3.2, fóòtì 1 ni ó kù fún rẹ̀sísítọ̀, fóòtì 1 tí a pín sí óòmù 3.3 sì jẹ́ 0.3 áńpíà. Nígbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀ sí fóòtì 3.7, fóòtì tí LED ń gbà náà yóò dín díẹ̀, iná yóò sì wà ní nǹkan bíi 0.2 áńpíà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bátìrì 2,500 mAh (ìwọ̀n iná tí ó lè gbà sínú) tí ó ṣì dára lè tan ìmọ́lẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 10. Àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ wúrà ni ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí lára rẹ̀sísítọ̀ náà.

Ooru ni ọ̀tá tí ó kù. LED kì í ju ooru rẹ̀ síwájú bíi gílóòbù; ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń gbà jáde, bí kò bá sì rí ọ̀nà, LED náà yóò tètè gbó. Ẹ gé alumíníọ̀mù roboto kan tí ó nípọn tó mílímítà 2, tí yóò jókòó ṣinṣin sínú abọ́ dídán orí tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ lu ihò wáyà méjì sí i, kí ẹ sì lẹ pẹpẹ LED mọ́ ọn pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí ń gbé ooru kọjá, èyí tí àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń lò. Bí abọ́ náà bá jẹ́ irin, yóò bá yín fa ooru lọ sí ara tọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá jẹ́ oníke, ẹ lo rẹ̀sísítọ̀ óòmù 6.8 dípò 3.3, kí iná náà má baà ju nǹkan bíi 160 mA lọ. Ìmọ́lẹ̀ yóò dín díẹ̀, ṣùgbọ́n LED yóò pẹ́.

Ẹ fi wáyà pupa so + LED mọ́ ẹsẹ̀ kejì rẹ̀sísítọ̀, kí ẹ sì jó wáyà dúdú mọ́ −. Ẹ fi mítà rí i dájú pé pẹpẹ alumíníọ̀mù náà kò bá + tàbí − pàdé. Ẹ wá fi lẹ́ǹsì bo LED, torí pé abọ́ dídán náà kò ní í lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ mọ́: wáyà gílóòbù tí ń tan sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, iwájú nìkan ni LED sì ń tan sí. Kí ẹ tó dé gíláàsì, ẹ gé òrùka kan láti ara tíúùbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti gbó, kí ẹ fi sí abẹ́ rẹ̀. Yóò dènà omi òjò àti eruku ọyẹ́.

Dídán an wò àti lílò rẹ̀

Ẹ ti ilé bátìrì wọlé, kí orí síkírúù kọjú síwájú, ẹ dé ìdí, kí ẹ sì tan án. Ẹ jẹ́ kí ó tàn fún ìdajì wákàtí, kí ẹ máa fọwọ́ kan orí tọ́ọ̀ṣì. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Ó tilẹ̀ fi hàn pé ooru ń rí ọ̀nà jáde. Bí ó bá gbóná tí ọwọ́ kò lè gbà á, ẹ pa á, kí ẹ sì tún gọ́ọ̀mù abẹ́ LED lẹ̀.

Ní ti ṣíṣájì, ṣájà fóònù lásán tí ó jẹ́ fóòtì 5 ti tó. Iná pupa orí bọ́ọ̀dù yóò yí padà nígbà tí ó bá kún. Kò yẹ kí a ṣájì bátìrì lithium níbi tí ooru ti ju 45 °C lọ. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí ooru ọ̀sán a máa kọjá 40 °C ní Sókótó àti Màídúgùrì, òru ni kí ẹ máa ṣájì rẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́ tí kò sí aṣọ nítòsí, ẹ má sì ṣe fi tọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.

Bí tọ́ọ̀ṣì bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá mì í, ojú swíìṣì tàbí sípíríńgì ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, kì í ṣe LED. Bí ó bá kú lójijì lẹ́yìn tí ó ti tàn fún wákàtí púpọ̀, bọ́ọ̀dù ni ó dáàbò bo bátìrì. Ẹ ṣájì rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí búlúù lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ooru ti ń ba ojú ìyeyè rẹ̀ jẹ́: ẹ pààrọ̀ LED náà, ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ óòmù 4.7 rọ́pò 3.3, kí ẹ sì wá alumíníọ̀mù tí ó nípọn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ sí abẹ́ rẹ̀.